Iṣu Kì í Mú Ọmú Kún

Bantè,
ní àsìkò tí kajú ń yọ òdòdó.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọkọ mi, ọmọ Bantè tó di ará Savalou,

Mo kí ọ, mo kí Kòjó ọkọ rẹ, mo sì kí ìyá ọkọ rẹ lórí ìkúnlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi kò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Baba rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí o mọ̀ pé láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti ìwé yìí, n kò tíì dáná, àti pé bí ebi bá pa òun kú, ìwọ ni kí wọ́n wá mú.

A wà dáadáa. Èyí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, kí àyà rẹ má baà já nígbà tí o bá rí bí lẹ́tà yìí ṣe gùn tó. Kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ àgùntàn ni.

Wàá ní kí ló dé tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù. Mo ti pè ọ́. Ìgbàkígbà tí mo bá pè, "Kò sí wàhálà, Ìyá," ni wàá sọ, wàá bi mí léèrè orúnkún mi, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ìwé kò ṣeé já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èdè Ìṣà ni à ń sọ nílé, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìwé kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni mo mọ̀ ọ́n kọ. Nítorí náà, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí ọ̀rọ̀ mi bá ń dún bí ti àwọn oníṣòwò Nàìjíríà tó ń ta epo lẹ́bàá ọ̀nà.

Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù baba rẹ. Mo gbọ́ ọ, mo tún gbọ́ ọ, títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. O ní àgùntàn tí mo fà lé ọ lọ́wọ́ nígbà ìgbéyàwó rẹ ti bí, pé ìbejì ni, akọ kan, abo kan. Inú mi dùn, mo jó díẹ̀ nínú yàrá. Lẹ́yìn náà ni o wá sọ pé ọmú rẹ̀ kò kún, pé àwọn ọmọ ń fi orí gbá a lábẹ́ tí wàrà kò jáde, pé èyí abo kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa mọ́. O ní èèpo iṣu kò wọ́n yín ní Savalou, pé ìyá wọn ń jẹ ẹ́ dáadáa, ikùn rẹ̀ sì yọ. O ní túrútó, èso òwú tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ tí wọ́n ń tà fún ẹran yẹn, o ti wá a káàkiri ìlú, kò sí, èyí tó sì wà, ó ti wọ́n kọjá agbára rẹ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ lo wá sọ ọ̀rọ̀ tó dùn mí: "Ìyá, bóyá kí n tà á kó tó kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Àbẹ̀kẹ́, má tíì tà á. Ka ìwé yìí tán ná. Bí o bá ṣe ohun tí mo wí tí kò ṣiṣẹ́, tà á, n kò ní bínú, tìẹ ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o mọ ohun tí ò ń tà.

Nígbà tí baba rẹ gbé mi níyàwó láti ilé wa ní Bobè lọ sí Agoua, bóyá ni mo dàgbà tó ọ. Oko iṣu ló gbé e lọ síbẹ̀, lẹ́bàá igbó ìjọba. N kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kí n tó kúrò nílé, ìyá mi ti mú mi wọ yàrá, wọ́n ní, "Ìyàwó tuntun kì í tọrọ. Ohun tí o kò bá ní, pa ẹnu rẹ mọ́." Mo gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹni gba òfin.

Ẹni tí ògiri wa àti tirẹ̀ jọ wà ni Ìyá Sídì. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọkọ wọn ń ta aṣọ, àwọn ènìyàn wọn ti ìlú Yorùbá ní Nàìjíríà wá. Àwọn ni wọ́n fún mi ní àgùntàn àkọ́kọ́ tí mo sìn láyé mi. Àgbàsìn ni. O mọ bí àgbàsìn ṣe rí: ẹlẹ́ran á fún ọ ní abo kan, ìwọ á máa bọ́ ọ, bí ó bá bímọ, ọmọ àkọ́kọ́ jẹ́ tirẹ̀, èkejì jẹ́ tìrẹ. Mo gbà á tayọ̀tayọ̀. Mo rò pé iṣẹ́ tó rọrùn jù láyé ni. Koríko ni oúnjẹ àgùntàn, koríko sì kún ilẹ̀, kí ló tún kù?

Àgùntàn náà bí ní àsìkò òjò, nígbà tí a máa ń so wọ́n mọ́lẹ̀ nítorí oko olóko. Ìbejì ló bí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo bí ọ. Koríko dé orúnkún rẹ̀, èèpo iṣu sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí òkìtì. Èmi náà ń jẹ iṣu. Iyán láàárọ̀, iṣu sísè lọ́sàn-án, àmàlà iṣu lálẹ́. Baba rẹ ń yangàn káàkiri pé ìyàwó òun kò mọ ebi. Òótọ́ ló sọ. Ikùn mi kún, ikùn àgùntàn kún. Ọmú mi gbẹ, ọmú àgùntàn gbẹ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi orí gbá a nínú, ìwọ náà ń fi ìkúùkù gbá mi láyà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó tuntun kì í tọrọ.

Ìwọ lo ké. O ké ní àárọ̀, o ké ní ọ̀sán, o ké títí ohùn rẹ fi há. Ìyá Sídì gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri. Wọ́n wọlé wá pẹ̀lú abọ́ tánńganran kan tí òdòdó pupa wà létí rẹ̀, wọ́n sì fi ọmọrí bò ó. Wọn kò kí mi títí. Wọ́n wo ọ́, wọ́n wo iṣu tó wà níwájú mi, wọ́n yọjú síta, wọ́n wo àgùntàn wọn lórí ìso.

"Ìyàwó," wọ́n ní, "kí lò ń jẹ?"

Mo ní, "Iṣu ni, Ìyá."

"Kí ni ẹran ń jẹ?"

"Èèpo rẹ̀ ni, Ìyá."

Wọ́n ṣí abọ́. Ẹ̀wà ni, tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ sè. Wọ́n ní, "Jẹ èyí níṣojú mi. Iṣu ń mú ikùn kún. Iṣu kì í mú ọmú kún. Ìwọ àti ẹran rẹ, àìsàn kan náà ló ń ṣe yín."

Mo jẹ ẹ́ tán, omijé ń bọ́ sínú abọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n tún gbé ìdì ewé ẹ̀pà gbígbẹ wá fún àgùntàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí ọmú àwa méjèèjì fi kún. Baba rẹ ṣì ń sọ títí di òní pé ti àgùntàn ló kọ́kọ́ kún, pé òun lè búra.

Ohun tí mo kọ́ lọ́wọ́ wọn nìyí, àti èyí tí mo fi orí ara mi kọ́ lẹ́yìn wọn.

Èkíní. Má ká èèpo iṣu kúrò níwájú rẹ̀ pátápátá. Èèpo dára, ó ń fún un lágbára, ṣùgbọ́n dín in kù. Ohun tí ara fi ń ṣe wàrà, inú ìdílé ẹ̀wà ló pọ̀ sí: ewé ẹ̀wà, ewé ẹ̀pà, òtílì, sójà. Ọ̀gá ètò ọ̀sìn ẹran kan wá bá àwa obìnrin sọ̀rọ̀ ní Bantè níbí, ó ní ohun kan náà, ó sì fún un ní orúkọ Faransé tí mo ti gbàgbé. Ìdílé ẹ̀wà ni èmi ń pè é. Túrútó tí ò ń wá, ohun tó wà nínú ìdílé ẹ̀wà ló wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, má sunkún túrútó. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Èkejì. Bí àwọn ènìyàn bá ti hú ẹ̀pà wọn tán, wọ́n á dáná sun ewé rẹ̀ lóko. Bí mo bá rí èéfín yẹn, ó máa ń dùn mí. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí ìwọ àti Kòjó gun alùpùpù lọ sóko àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n tó sun ún, ẹ di í, ẹ gbé e sórí àtíbàbà. Ní ti ọdún yìí, baba rẹ ti di ẹ̀kún àpò kan fún ọ, ọlọ́kadà tó mú lẹ́tà yìí wá ló gbé e. Gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dànù. Èyíkéyìí tó bá ti bu, tó ń rùn, má fún un rárá, ì báà jẹ́ ẹyọ kan.

Ẹ̀kẹta ni ewé igi. Ewé igi apá dára púpọ̀ ní ọ̀gbẹlẹ̀, àgùntàn fẹ́ràn rẹ̀ ju bí baba rẹ ṣe fẹ́ràn ẹran ìgbẹ́ lọ. Ẹ̀ka ni kí ẹ gé, kì í ṣe igi, kó sì jẹ́ nínú oko yín. Ewé ẹ̀gẹ́ náà ń mú ọmú kún, ṣùgbọ́n kí o ṣọ́ra gidigidi. Ní Agoua, nígbà tí ọmú ti ń kún, ojú kòkòrò dé bá mi. Mo já ìdì ewé ẹ̀gẹ́ tútù kan, mo kó o síwájú rẹ̀ pé kí wàrà tún pọ̀ sí i. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfófòó lẹ́nu, ó ṣubú, ó na ẹsẹ̀. Baba rẹ ti yọ ọ̀bẹ kí ó tó di òkú. Mo dì mọ́ ọrùn ẹran, mo ní kò níí pa á. Nígbà tó pẹ́, ó mí, ó dìde, ó sì wo mí bí ẹni tó ń béèrè ohun tí òun ṣe mí. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pè é ní Àjíǹde. Sá ewé ẹ̀gẹ́ sóòrùn kó rọ dáadáa, kó gbẹ, kí o tó fún un, díẹ̀díẹ̀ ni kí ó sì jẹ́.

Àgùntàn tó wà lọ́wọ́ rẹ, ọmọ-ọmọ-ọmọ Àjíǹde ni. Ohun tí o fẹ́ tà nìyẹn.

Omi ńkọ́? N kò bi ọ́ nípa omi. Abiyamọ tí kò mumi, níbo ni wàrà á ti wá? Jẹ́ kí omi tó mọ́ wà níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo, kí o sì máa fún un ní iyọ̀ díẹ̀ lá. Èyí tí ara rẹ̀ kò le nínú ìbejì, má fi sílẹ̀ fún àánú arákùnrin rẹ̀. Di akọ mú, kí abo kọ́kọ́ mu, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Títí ọmú á fi kún, ra wàrà tútù díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí o sì fi aṣọ mímọ́ tó rin kán an sí i lẹ́nu. N kò mọ iye tí mo ti kà mọ́, máa fi òǹkà sí i fúnra rẹ.

Mo ti dé ibi tí mo ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nínú ohùn rẹ tí mo gbọ́, ohùn mìíràn wà lẹ́yìn rẹ. Ìyá Kòjó ni. O mọ̀ pé mo ti ta iṣu ní ọjà Savalou pẹ́, mo gbọ́ Máhì, èdè wọn níbẹ̀, tó láti dúnàádúrà, mo sì gbọ́ ọ tó láti mọ̀ bí wọ́n bá ń bú mi. Wọ́n ń pe ẹnì kan tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ pé kó yára wá kó eèrí sójà wọn kó tó kan. Wàrà sójà tí wọ́n ń ṣe tà, èyí tí o gbé wá fún wa nígbà tí o wá kí wa, tí baba rẹ jẹ tó ń lá ọwọ́, eèrí rẹ̀ ni. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sẹ́ sójà, lójoojúmọ́ ni eèrí ń kún agbada, lójoojúmọ́ ló ń jáde ní ẹnu ọ̀nà yín lórí ẹlòmíràn. Olórí ìdílé ẹ̀wà nìyẹn, ọmọ mi. Ó wà lágbàlá rẹ, o sì ń wá túrútó kiri ìlú.

N kò ní sọ pé o kò mọ̀. Ojú rẹ ríran, o gbọ́n. Mo mọ ohun tó pa ẹnu rẹ mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wá mú ọ, èmi náà mú ọ wọ yàrá, mo di ọwọ́ rẹ mú, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ fún mi: ìyàwó tuntun kì í tọrọ. N kò tilẹ̀ rò ó. Ó ti wà lẹ́nu wa nílé, bí orin ìsìn. O sì dì í mú dáadáa, nítorí ọmọ tó ń gbọ́ràn ni ọ́, mo dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n mo gba ọ̀rọ̀ yẹn padà lọ́wọ́ rẹ lónìí. Bí ìyá mi bá bínú lọ́run, èmi ni kí wọ́n bá wí.

Wo ìyá tí Ọlọ́run fi ọ́ lé lọ́wọ́. Ní alẹ́ tí o wọlé wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbé omi gbígbóná fún ọ wẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ dé, wọ́n kó ìkòkò wọn kúrò lábẹ́ ìbòòji kí o lè rí ibi jókòó ránṣọ. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú àdúrà mi lójoojúmọ́. Ta ni kò ní fẹ́ irú ìyá ọkọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀? Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń rí láti ọ̀dọ̀ rẹ? Wọ́n ń rí ọmọbìnrin kan tó ń kí wọn, tó ń gbálẹ̀, tó ń ránṣọ, tí kì í fẹ́ ohunkóhun. Èmi náà ní ìyàwó ọmọ, mo mọ bó ṣe ń rí lára. Títí di ọjọ́ tó tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ mi, àlejò ni mo kà á sí. Ọmọ tó bá ṣípá ni à ń gbé. Wọ́n ti ń retí pé kí o ṣípá.

Mo lè pè wọ́n fúnra mi. Baba rẹ ní kí n pè wọ́n, kí gbogbo ìwé yìí sì parí kí òun lè jẹun. Bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á fún ọ ní eèrí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo tọrọ, kì í ṣe ìwọ. Wọ́n á ní, "Ìyàwó wa ń gbé lọ́dọ̀ mi, Bantè ló gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ mi." Inú wọn kò ní dùn, wọn ò sì jẹ̀bi.

Ìwọ ni kí o lọ. Lọ ní àárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sẹ́ ẹ lọ́wọ́, kí ẹlẹ́dẹ̀ tó jí. Kúnlẹ̀. Fi Máhì rẹ tó ń mú Kòjó rẹ́rìn-ín yẹn sọ ọ́. Má rọ́ ìtàn gígùn bí tèmi. Sọ pé, "Ìyá, àgùntàn mi kò ní wàrà. Ẹ fún mi ní eèrí díẹ̀." Kí o dákẹ́. Bí wọ́n bá fún ọ, ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ pò mọ́ èèpo iṣu, kí o máa fi kún un bí inú rẹ̀ bá ṣe ń gbà á. Tútù ti ọjọ́ náà ni kó jẹ, kì í ṣe èyí tó ti kan. Sá ìyókù sórí ẹní lóòrùn gangan, kó gbẹ kínkín, kí o fi pa mọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ ọkùnrin yẹn kò ní kú nítorí abọ́ kan.

Ó ku ohun kan. Nígbà tí ìbejì àgùntàn Agoua já lẹ́nu ọmú, mo fa àwọn méjèèjì lọ bá Ìyá Sídì pé kí wọ́n mú tiwọn gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Wọ́n ti ń di ẹrù nígbà náà, ọkọ wọn ń kó lọ sí Parakou. Wọ́n wo ìyá ẹran, wọ́n wo àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n wo ìwọ lẹ́yìn mi. Wọ́n ní, "Ẹ jọ ṣàìsàn, ẹ jọ sàn. Èmi kọ́ ni màá pín yín." Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí olè kóni lẹ́rù lọ ni. Mo dúpẹ́ títí, ṣùgbọ́n abọ́ wọn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Abọ́ olóore kì í padà lófìfo, mo sì ń dúró kí n rí ohun tó yẹ kí n bù sínú rẹ̀. Kí n tó rí i, wọ́n ti lọ. N kò rí wọn mọ́. Gbogbo àgùntàn tí mo ti sìn láti ìgbà náà, inú abọ́ yẹn ni mo ti ń bu iyọ̀ fún wọn.

Tú àpò ewé ẹ̀pà yẹn dé ìsàlẹ̀. Wàá bá abọ́ tánńganran kan níbẹ̀, òdòdó etí rẹ̀ ti ń bó. N kò fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Òun ni kí o gbé dání lọ́la.

Bí ojú bá ń tì ọ́ lẹ́nu ọ̀nà wọn, rántí èyí. Èmi kò tọrọ ní Agoua, Àbẹ̀kẹ́. Mo pa ẹnu mọ́, ebi ì bá sì pa àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi, ìwọ àti àgùntàn. Ìwọ lo tọrọ, nígbà tí o kò tíì ní eyín kan lẹ́nu. O ké, ìyá ẹlòmíràn gbọ́, gbogbo wa sì jẹun. Gbé abọ́ náà, ọkọ mi. Tún ké.

Èmi ni,
ìyá rẹ, tí ọpẹ́ rẹ ti wà lọ́rùn rẹ̀ láti Agoua.